Àwọn Lẹ́tà Tí Tíṣà Àgbà Kà Fún Wa

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé n kò tíì dárí jì í. Ó ti pẹ́ tí ó ti kú. Koríko ti bo ibojì rẹ̀, àwọn ọmọ ìlú sì ti fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn kan nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá ń kọjá níwájú gbọ̀ngàn náà, n kì í gbójú sókè. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé kò yẹ kí ìbínú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú onígbàgbọ́. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé òótọ́ ni wọ́n sọ, kí wọ́n máa bá mi gbàdúrà.

Ìlú wa kò tóbi. Bí ènìyàn bá jáde ní Òsí, tó forí lé ọ̀nà Ìlọ́fà, ó lè kọjá lára wa láìmọ̀ pé ìlú ni. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni à ń gbìn. Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu ọmú, ìyá mi ló ń ro oko, òun náà ló ń yan gàrí tí a fi ń jẹun. Àwa méjì ló kù fún un: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, àti èmi. Bí a bá ń ti oko bọ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń ro mí, ẹ̀gbọ́n mi á pọ̀n mí sẹ́yìn, iṣu á sì wà lórí rẹ̀. Ìyá mi á máa pariwo pé ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ yóò kán. Òun á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà Àgbà. Òun ni olórí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, bí pásítọ̀ kò bá sì sí nílé, òun náà ló ń wàásù. Láyé ìgbà yẹn, àwọn àgbà tó mọ̀wé dáadáa nínú ìlú kò ju iye ìka ọwọ́ lọ, kò sì sí obìnrin kankan nínú wọn. Ìyàwó Tíṣà Àgbà pàápàá kò mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tí lẹ́tà bá dé sí, ilé Tíṣà Àgbà ni yóò gbé e lọ.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ àwọn ṣọ́jà wá dúró sí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n ń wá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ ní gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà Àgbà ló gun orí tábìlì kan tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Nígbà tó túmọ̀ tán, ó fi ti ara rẹ̀ kún un. Ọmọ ọdún méje ni mí, ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ó tún un sọ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ìyẹn.

Ó ní, "Ìbọn nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń jagun. Ìlú tí ọkàn àwọn ará ilé rẹ̀ bá le, ọmọ ìlú náà ni yóò ṣẹ́gun. Ìlú tó bá ń sunkún, ó ti pa ọmọ rẹ̀ kí ọ̀tá tó rí i."

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló kọ́kọ́ gun ọkọ̀. Gbogbo pápá hó yèè. Ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí. Tíṣà Àgbà wá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i pé, "Ọmọ náà ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ó ní òun gbọ́dọ̀ lọ." Bí ọmọ Tíṣà bá lè lọ, ta ni ọmọ rẹ̀ ò ní lọ? Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ṣe ìkẹta. Ìyá mi di aṣọ rẹ̀ mú. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ já ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ní, "Yèyé mi, ẹ má dójú tì mí."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ìyá mi ní Ìyá Ṣọ́jà. Gbogbo àwọn obìnrin tí ọmọ wọn lọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì wù wọ́n. Ní ọjọ́ ìsinmi, bí ìsìn bá ti parí, wọ́n á lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á jókòó lórí ògiri kúkúrú tó yí i ká. Tíṣà Àgbà á jókòó sórí bẹ́ńṣì, á wọ awò ojú rẹ̀, á fi ọ̀bẹ kékeré la lẹ́tà tó bá dé lọ́sẹ̀ náà. Ohùn rẹ̀ dùn. Ó máa ń kà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì.

Ti ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́kọ́ dé, mo mọ̀ ọ́n sórí di òní: "Yèyé mi ọ̀wọ́n, ara mi le. Bí ẹ bá rí mi báyìí, ẹ ò ní mọ̀ mí, nítorí mo ti sanra. Ẹran màlúù ni à ń jẹ lójoojúmọ́. Àwọn ọ̀tá ń sá fún wa. Ẹ má sunkún o, ẹ máa gbàdúrà, nítorí àdúrà yín ni ìbọn wa."

Àwọn obìnrin á pàtẹ́wọ́. Ìyá mi á sọ pé kí ó tún apá ibi ẹran màlúù kà.

Ọmọ kan náà ni gbogbo àwọn ọmọ wa dà nínú lẹ́tà. Gbogbo wọn ló sanra, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹran, gbogbo wọn ló ní kí ìyá wọn má sunkún. Kò sí ẹni tó yà lẹ́nu. Àwọn ènìyàn Òkè-Òpin gbọ́ nípa kíkà náà, àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láti gbọ́. Àwọn obìnrin wa ń yan gàrí, wọ́n ń gún èlùbọ́, wọ́n ń di í sínú àpò ránṣẹ́ sí Ìlọrin fún àwọn ṣọ́jà, láìsí ẹni tó fi ipá mú wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ṣọ́jà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ọmọkùnrin mẹ́jọ ló bá wọn lọ. Nígbà kẹta, mẹ́fà. Ọ̀gá ṣọ́jà náà sọ pé òun kò tíì rí ìlú tí ọkàn wọn le tó tiwa.

Nígbà tí lẹ́tà kẹta ẹ̀gbọ́n mi dé, mo wà lẹ́sẹ̀ ìyá mi. Tíṣà Àgbà là á, ó wò ó pẹ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó wá kà á: "Yèyé mi ọ̀wọ́n, ara mi le." Ó kà á bó ṣe ka àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó gba lẹ́tà rẹ̀, ó fi í sínú agolo bisikíìtì kan tó ń kó wọn sí.

Lẹ́tà mìíràn kò dé mọ́. Ogun parí, rédíò kéde rẹ̀, a jó yí ìlú ká. A ní a ti borí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, Tíṣà Àgbà sì ka èyí bó ṣe wà, nítorí pé kò sí bí ó ṣe lè kà á mìíràn: ẹ̀gbọ́n mi ti kú sí ọsibítù àwọn ṣọ́jà. Ìyá mi kò kọ́kọ́ sunkún.

Ó ní, "Ọsibítù kẹ̀? Ta ló gbé e lọ sí ọsibítù? Ṣebí ara rẹ̀ le nínú lẹ́tà?"

Tíṣà Àgbà ní, "Ogun ni, Ìyá Ṣọ́jà. Nǹkan a máa yí padà lójú ogun."

Ìwé ti ọmọ tirẹ̀ náà dé lọ́sẹ̀ kan náà. Ó dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun kò kábàámọ̀. Gbogbo ìlú sunkún, wọ́n sì bọlá fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọdún kẹrin tí ogun parí ni àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀. Mo wà ní ilé ìwé girama ní Òsí nígbà náà, mo sì padà sílé láti tọ́jú rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan agolo bisikíìtì yẹn rí, èmi pàápàá. Ó ní bí a bá ń tú u, òórùn ọmọ òun yóò jáde kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí abẹ́ ibùsùn, ó ní kí n gbé e wá. Oorun gbé e lọ kí n tó ṣí i. Mo mú lẹ́tà tó wà lókè, èyí tó dé gbẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ nìyí: "Yèyé mi, ẹsẹ̀ mi òsì ti bàjẹ́. Ọta ìbọn ló wọ̀ ọ́. Wọ́n ti yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ń rùn. A pọ̀ ní ọsibítù àwọn ṣọ́jà ní Ìlọrin níbí, dókítà kò sì tó. Mo rí i pé àwọn tí ẹbí wọn bá wá bẹ̀bẹ̀ fún, wọ́n ń gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá ní Èkó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ bẹ Tíṣà Àgbà kí ó bá yín wá, kí ó lè bá wọn sọ gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Kò sí ẹran màlúù níbẹ̀. Kò sí sísanra. Mo yẹ ọjọ́ tó wà lókè lẹ́tà náà wò, mo tún yẹ ọjọ́ tó wà lórí ìwé ikú rẹ̀ wò. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ó fi wà lórí ibùsùn náà tí ó ń retí wa. Ìlọrin kò jìnnà. Ìyá mi ìbá fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Mo ṣì mú ìwé náà lọ́wọ́ nígbà tí ó lajú.

Ó ní, "O ti ṣí i. Kà á fún mi."

Mo fẹ́ dá a padà sínú agolo.

"Kà á, ọmọ mi. Kà á bí Tíṣà ṣe kà á."

Mo wo ojú rẹ̀. Egungun nìkan ló kù níbẹ̀. Mo gbé ìwé náà sókè, mo ní, "Yèyé mi ọ̀wọ́n, ara mi le. Bí ẹ bá rí mi báyìí, ẹ ò ní mọ̀ mí." Ètè rẹ̀ ń bá mi sọ ọ́. Mo yára, mo bọ́ sí ibi àwọn ọ̀tá tó ń sá. Ó gbé ìka kan sókè.

Ó ní, "O ti fo ẹran màlúù."

Mo padà, mo ka ẹran màlúù.

Kò pé oṣù kan tí ó fi kú. Ìyàwó Tíṣà Àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Tíṣà, wà lára àwọn tó wẹ òkú rẹ̀. Tíṣà Àgbà ló wàásù níbi ìsìnkú náà. Mo dúró lẹ́bàá kòtò, mo ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé, mo sì búra pé n óò gbẹ̀san. Pípa tó pa ẹ̀gbọ́n mi nìkan kọ́ ni mo ń bínú sí. Ó ti sọ èmi náà di òpùrọ́ sétí ìyá mi.

Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Nígbà tí mo parí, wọ́n bi mí pé níbo ni mo fẹ́, mo ní ìlú wa. Gbogbo ènìyàn yìn mí pé mo fẹ́ràn ilé. Tíṣà Àgbà ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ó máa ń jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ láàárọ̀, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí i bí mo bá ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó máa ń súre fún mi. Mo ń ṣe àmín. Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà fún sọ pé, "Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rí ẹni bá ṣeré." Mo ní èmi kò wá ẹni tí màá bá ṣeré.

Ọdún bíi mẹ́jọ kọjá báyìí. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Kàdúná, Ìlọrin àti Èkó wálé fún ọdún tuntun, wọ́n ní àwọn fẹ́ bọlá fún Tíṣà Àgbà nínú ìsìn ìrántí àwọn ṣọ́jà tó kú. Wọ́n kọ ìwé ìyìn kan, wọ́n sì ní ohùn mi ló dára jù, kí n bá àwọn kà á. Mo wo ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní àkókò ogun, òun ló di ọkàn ìlú mú, kò sì sí ìyá kan tí lẹ́tà tó kà pa lẹ́kún. Mo sọ fún wọn pé inú mi yóò dùn láti kà á.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún dẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé Tíṣà Àgbà àti Ìyá Tíṣà jókòó síwájú, nínú aṣọ funfun. Mo ka ìwé ìyìn náà títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà. Mo wá ká a, mo fi í sórí pẹpẹ ìwàásù, mo sì yọ lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi jáde láti inú Bíbélì mi.

Mo ní, "Ẹ̀yin ará wa, lẹ́tà kan rèé tí Bàbá kà fún ìyá mi. Mo fẹ́ kà á bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi ẹsẹ̀ tó ń rùn, ọ̀kan nínú àwọn alàgbà dìde, ó ní kí n sọ̀kalẹ̀. Tíṣà Àgbà gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kà á tán."

Mo kà á tán. Tíṣà Àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ dìde, ó yíjú sí ìjọ.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà náà ṣe wí, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn. Ká ní mo kà á síta bó ṣe wà, ta ni nínú yín ni ìbá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gun ọkọ̀ kejì? Ta ni ìbá yan gàrí? Ọmọ tó wà lójú ogun, bí ó bá gbọ́ pé ẹkún ni wọ́n ń sun nílé, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀, wọ́n á sì pa á. Inú ilé ni ogun ti ń sọnù. Mo di ilé mú. A sì borí."

Obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn, ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́jọ ìgbà kejì. Ó ní, "Ọmọ mi lẹ fi di í mú."

Ìsìn náà tú ká láìsí orin ìparí.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ tó sọ yìí ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nítorí pé n kò fẹ́ kí ìkórìíra jẹ́ kí n parọ́. Ọkàn ìlú wa le lóòótọ́. Oúnjẹ tí a fi ránṣẹ́ pọ̀, àwọn ọmọ tó lọ pọ̀. Bí gbogbo ìlú bá ti ń kọ̀ láti fi ọmọ sílẹ̀, bóyá ogun náà ìbá gba ibòmíràn yọ. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ní apá kejì ogun náà, olùkọ́ kan wà ní abúlé kan, tó ń wọ awò ojú, tó ń sọ fún àwọn ìyá pé ọmọ wọn sanra. Ọkàn àwọn náà le. Àwọn kò borí.

Láti ọjọ́ kejì ni àwọn ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé mi. Wọ́n ń gbé lẹ́tà wọn bọ̀ nínú ike, nínú ìdí aṣọ, nínú ìwé orin. Bí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, màá bá wọn lórí ìjókòó. Mo ń kà á fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn kan, òótọ́ ni Tíṣà Àgbà kà, ọmọ náà sanra lóòótọ́. Nínú òmíràn, ebi ni, tàbí ẹ̀rù, tàbí kí wọ́n bá òun kí ìyàwó òun tó lóyún. Obìnrin kan mú tirẹ̀ wá, ó jókòó títí ó fi kan òun, ó wá dìde, ó sọ lẹ́tà náà sínú iná tí mo fi ń se ọbẹ̀, ó sì lọ. Ẹkún wà nínú ìlú bí ìgbà tí òkú ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń sọ nínú ara mi pé, kí Tíṣà Àgbà gbọ́ ọ. Kí ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, kí ó gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, Ìyá Tíṣà wọlé.

Ó dá wá. Ó jókòó sórí àpótí tí ìyá mi fi ń yan gàrí, ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ lẹ́tà kan tó ti pọ́n.

"Ọmọ mi," ó ní, "bá mi wo èyí. Ti ọmọ mi ni. Bàbá kà á fún mi nígbà náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohun tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣí àpótí rẹ̀, mo mú un."

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, màmá."

Mo kọ́kọ́ fi ojú kà á. Ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Bàbá mi, ó ti sú mi. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá mi kí wọ́n jẹ́ kí n wálé. Ẹ̀yin lẹ ní bí n kò bá gun ọkọ̀ náà, ẹ ò ní pè mí lọ́mọ mọ́, nítorí pé ojú gbogbo ìlú wà lára wa. Mo gùn ún nítorí yín. Bí mo bá kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún màmá mi pé kì í ṣe èmi ni mo yàn láti fi wọ́n sílẹ̀."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo lè fò ó. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fò ó, mo ti ṣe é rí fún ẹni tí mo fẹ́ràn. Obìnrin yìí kò ṣe mí ní ibi kankan, òun ló wẹ òkú ìyá mi, òun ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un nígbà tí kò lè jẹ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n mo ń wo ilé Tíṣà Àgbà lọ́kàn mi, mo rí i bí òpó kan ṣoṣo tó kù ṣe wà lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo kà á sókè. N kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Ó wá ní, "Tún ibi tó kẹ́yìn yẹn kà."

Mo tún un kà.

"Bàbá ní ọmọ náà ni kò jẹ́ kí òun sùn," ó ní. "Ohun tó sọ fún mi nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bínú sí ọmọ mi nínú ilẹ̀, pé ó fi mí sílẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. N kì í dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà."

Ó gba lẹ́tà rẹ̀, ó ká a, ó dìde. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó kó ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Ọ̀bọ-Ilé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí òun àti Tíṣà Àgbà ti jọ wà. Kò bá a jà, kò bú u. Àwọn ará àdúgbò sọ pé ó se oúnjẹ ọ̀sán fún un, ó gbé e kalẹ̀, ó sì jáde.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Tíṣà Àgbà fi ọ̀pá rìn wá bá mi nílé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ ti lọ sílé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ni rí.

Ó ní, "O ti gbẹ̀san. Ó tán báyìí?"

N kò dìde. N kò sì kúnlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ó ní, "Kí ìyá rẹ tó kú, mo lọ gbàdúrà fún un. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, 'Ọmọ mi ka lẹ́tà náà fún mi, bákan náà ló rí pẹ̀lú bí ẹ ṣe kà á.' Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé o ti kà á. Gbogbo ìgbà tí ò ń kúnlẹ̀ kí mi, mo mọ̀." Ó sún mọ́ mi díẹ̀. "Ìwọ náà parọ́ fún un. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi pẹ̀lú rẹ?"

Mo ní, "Bàbá, ẹni tó ń kú lọ ni mo parọ́ fún. Ẹ̀yin parọ́ fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà láàyè."

Ó wo pátákó ìkọ̀wé bí ẹni pé nǹkan kan wà lára rẹ̀ tó lè kà. Ó yí padà, ó lọ. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀ títí ó fi kọjá pápá. N kò ní parọ́, ọjọ́ náà ni ọjọ́ tí inú mi dùn jù láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

Ó gbé ọdún méjì sí i. Wọn kò pè é láti wàásù mọ́. Ó ń fúnra rẹ̀ dáná, ó ń fúnra rẹ̀ fọṣọ, àwọn ènìyàn sì máa ń rí i tó ń ra ẹ̀kọ jẹ láàárọ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Ọyẹ́ ọdún kejì ló gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n ń sìnkú rẹ̀, àwọn ọmọ ìlú tún ti Kàdúná àti Èkó wá, wọ́n tún ka ìwé ìyìn mìíràn, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ lẹ́tà nínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé àwọn yóò kọ́ gbọ̀ngàn. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń gbọ́. Gbogbo ohun tí mo fi ọdún púpọ̀ gbé ró, ìwé kan ṣoṣo ló wó o lulẹ̀.

Ìyá Tíṣà wálé fún ìsìnkú náà, ó sì jókòó opó. Ní ọjọ́ kẹta, mo se ìrẹsì àti ẹran, mo gbé e lọ kí i. Ó wà lórí ẹní nínú yàrá, òun nìkan.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Ó wò mí, ó ní kí n jókòó.

Ó ní, "Ohùn rẹ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. O kà á dáadáa. N kò bínú pé o kà á, ọmọ mi ni, ó yẹ kí n gbọ́ ohun tó sọ." Ó gbá etí aṣọ dúdú tó wọ̀ mọ́ra. "Ṣùgbọ́n nígbà tí o kọ́kọ́ fi ojú kà á, èmi tí n kò mọ̀wé, ojú rẹ ni mo ń kà. Mo rí i pé o rẹ́rìn-ín."

Mo fẹ́ sọ fún un pé n kò rẹ́rìn-ín. N kò lè sọ ọ́, nítorí pé n kò rántí. Mo ti àwo oúnjẹ náà sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀. Kò wò ó. Mo tún kúnlẹ̀, mo dìde, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé, kí n má bàa bá àwọn ènìyàn tó jókòó síwájú pàdé.